Èédú Oṣù Kìn-ín-ní

Ìkòkò keje ni Félicité ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kí ó sì tó fi ọwọ́ kan èédú inú rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé pàbó ni. Ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó da ṣíbí kan sínú ìgò omi kànga, ó mi ìgò náà fún wákàtí kan gbáko, ó sì sẹ́ omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré tí ń ka irin inú omi. Ẹ̀rọ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní nínú irin ọgọ́rùn-ún, méjìdínláàádọ́ta péré ni èédú náà gbà. Félicité dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó yí ààrò ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà wá wo nọ́ńbà náà bóyá ó ti ronú pìwà dà. Méjìdínláàádọ́ta náà ni.

Olùkọ́ ni Félicité. Fisíìkì àti kẹ́mísírì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ikpinlè, ní ilẹ̀ Benin, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Tatonnonkon, níbi tí oko àgbàdo àti ọ̀pẹ ti ká ilé mọ́. Kànga àgbàlá wọn jinlẹ̀, kì í gbẹ, ṣùgbọ́n irin pọ̀ nínú omi rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá pọn ọ́n sílẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti pọ́n bí ọkọ́ tó dógùn-ún. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni Félicité. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìsìn, tirẹ̀ sì ti di aláwọ̀ tíì láàárín ọdún kan. Àwọn ìyá ìjọ ní kí ó máa fi omi òjò fọ̀ ọ́. Félicité kì í ṣe ẹni tí ń dúró de òjò.

Bí ó ṣe kó sínú iṣẹ́ èédú nìyẹn, èédú èèpo ekùrọ́, tí iṣẹ́ náà sì di ìwé tí ó fẹ́ fi gba oyè dókítà ní yunifásítì. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le jù. Èédú lásán kì í gba irin. Kí ó tó lè gbà á, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí ó gbóná, kí ara rẹ̀ lè yọ ìkọ́ kéékèèké tí irin máa so mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, èédú á máa dán lásán, kò ní mú nǹkan kan. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí iná bá le jù, tàbí tí ó bá pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Láàárín dídán àti eérú ni obìnrin yìí ti ń sáré kiri láti oṣù kejì.

Nítorí ó ti rí i rí. Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ìkòkò kan jáde tó gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Félicité ti fò sókè lọ́jọ́ náà, ó ti kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rogatien tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rogatien kì í pariwo, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Madaamu," ó ní lórí fóònù, "ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún mi. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ra, ẹ ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù keje. Bí wọn kò bá sún mọ́ra, a ó yọ orí ìwé yẹn kúrò."

Àwa méjèèjì mọ̀, èmi tí mò ń sọ ìtàn àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, pé ìwé tí wọ́n bá yọ orí rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi rìn. Félicité náà mọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí ni ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n dá fún un, ìkòkò méje sì ti lọ. Ó ti yí igi ìdáná padà. Ó ti fọ́ èèpo ekùrọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ti tún fi í sílẹ̀ ní odidi. Ó ti sun ún fún wákàtí kan, fún méjì, fún mẹ́ta. Ó ti fi tẹmọmẹ́ẹ̀tì olókùn gígùn ṣọ́ ooru rẹ̀ ní igba, ní ọ̀ọ́dúnrún, ní òkè ọ̀ọ́dúnrún. Méjìléláàádọ́ta, mẹ́tàdínlógójì, ogójì. Kò tilẹ̀ sí èyí tó ṣe bí ẹni pé òun mọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún rí.

Ó tún ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ojú ewé oṣù kìn-ín-ní, tí ìka ti sọ etí rẹ̀ di dúdú. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìkòkò irin, ọmọrí rẹ̀ tí a fi amọ̀ rẹ́ yíká. Ihò kan lójú ọmọrí, tó gba ìka kan. Ọ̀ọ́dúnrún ni ooru. Wákàtí méjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé láti agogo méjìlá sí agogo méjì, òun lọ ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò, àti pé Màámi ló ṣọ́ iná.

Màámi ni Àgbékẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀. Láti Ikpinlè dé Kpoulou, kò sí ẹni tó mọ iná bí i tirẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni ó fi se epo pupa, ó sì lè gbọ́ láti inú yàrá pé igi tó wà lábẹ́ ìkòkò ti jó kọjá ibi tó yẹ. Kì í lọ sí Sẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn bàbá ọkọ òun tó wà nínú ilẹ̀ kò tíì lé òun, kí ni òun yóò wá kiri lọ sí ibòmíràn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò pa òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ iná ló pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń gbé ní ìrọ̀rùn.

Ṣé kò wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ó béèrè. Ní oṣù kẹta, ó kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà há àárín ìkíni.

"Ẹ kú àárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ jí ire? Iná ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, kò sí ohun tó ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Mo jókòó tì í."

Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí mọ̀ pé ó parí lóòótọ́. Ìyàwó kì í bi ìyá ọkọ ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ni ìbéèrè, èkejì ti di ẹ̀sùn. Ó bẹ Romaric ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà ní Pobè, pé kí ó bá òun wádìí nígbà tí ó bá wálé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Romaric rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé kí n wá pe ìyá mi lẹ́jọ́ nítorí èédú?" Láti ìgbà náà, ẹnu Félicité wà ní pípa mọ́, ọkàn rẹ̀ ni kò gbà láti pa mọ́.

Ní ọjọ́rú, inú bí i. Ó dá iná ìkòkò kẹjọ ní kùtùkùtù kí ó tó lọ sí kíláàsì, ó sì fi igi tì í bí ẹni tí ń bá iná jà. Ìdí rẹ̀ kò gba àpótí. Ó ń wo ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí, ó ń wo tẹmọmẹ́ẹ̀tì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń rí dáadáa nínú wọn. Ó sún igi, ó tún sún igi. Nígbà tí ó ṣí ìkòkò, eérú ni. Eérú funfun, tó kúnná, tó lẹ́wà, tí kò wúlò fún nǹkan kan ju kí a fi ṣe ọṣẹ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lábẹ́ igi tíìkì tó wà lẹ́yìn kíláàsì, Félicité mú fóònù rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rogatien. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Ó ṣọ́ra kí wọ́n má baà bára mu jù, nítorí irọ́ tó bá gún régé jù máa ń fu ènìyàn lára. Lábẹ́ wọn ni ó kọ bí ó ṣe sun ún: ihò tó gba ìka kan, ọ̀ọ́dúnrún, wákàtí méjì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Kí ọ̀kadà tó gbé e délé ni èsì ti dé. "Ó dára gan-an, Madaamu. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó rò pé ara òun yóò wá lélẹ̀. Rárá o. Àìfararọ tí ó ti ń bá a gbé láti oṣù kejì pe àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Ó gbá àgbàlá tí wọ́n ti gbá. Ó ka ìwé àwọn ọmọ, ó sì fún ẹnì kan ní máàkì lẹ́ẹ̀mejì. 

Ní ọjọ́bọ̀, kò ní kíláàsì. Nígbà tí ó jáde, Àgbékẹ́ ti to igi sínú ààrò méjèèjì.

"Ìyàwó mi, iná ti ṣe tán."

"A ò ní dáná lónìí, Màámi. Iṣẹ́ ti parí."

"Ó jáde?"

"Ó jáde."

Àgbékẹ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ìró. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí di ògiri ilé ìdáná mú, ó tẹ eékún ọ̀tún, ó tẹ ti òsì, ó sì kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Félicité sáré dì í mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí ayé rí wa."

"Fi mí sílẹ̀. Bí mo bá dìde, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Níwọ̀n ìgbà tó ti yọrí sí rere, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ ọyẹ́ yẹn, o ní kí n má ṣí ìkòkò. Mo ṣí i."

Félicité kò mọ̀ pé òun ti jókòó sórí àpótí.

"Ebi ló ń pa mí," Àgbékẹ́ ní. "Mo wo iná rẹ, ó dára, kò rú èéfín rárá, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí iná tó dára bẹ́ẹ̀ kí ó máa jó lásán. Mo yọ amọ̀, mo sún ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gé iṣu sí mẹ́rin, mo tò ó sórí èédú. Nígbà tó jinná, mo yọ ọ́, mo dé ìkòkò, mo sì rẹ́ amọ̀ rẹ̀ padà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo jẹ méjì. Méjì tó kù ni mo gbé fún ọ nígbà tí o dé."

Félicité rántí iṣu náà. Ó fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, ó pọ́n ọwọ́ lá, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ó ti fi ń wá ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Nígbà tí o ní ó jáde dáadáa, mo ní kí n má fi ọ̀rọ̀ iṣu ba ìwé ọ̀mọ̀wé jẹ́. Nígbà tí kò jáde mọ́, mo ní bóyá èmi ni mo ba ìkòkò jẹ́, ẹnu mi wá wúwo. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Màámi. Ẹ dìde."

Ó gbé e dìde.  Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, ó sì fẹ́ gbé ìkòkò kan sọ mọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n èyí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó fẹ́ mọ̀.

"Báwo ni ọmọrí náà ṣe ṣí tó?"

Àgbékẹ́ na ọwọ́ rẹ̀. "Ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi."

"Báwo ni iṣu náà ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?"

"Mo bó ẹ̀gẹ́ kún agbọ̀n kan kí ó tó jinná."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Félicité fi rúlà wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní kí ó máa bó o bí ó ṣe máa ń bó o, kí ó má ṣe kánjú kí ó má sì ṣe ìmẹ́lẹ́, ó sì ń wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ó dín ọ̀kan. Wọ́n dáná sí ààrò méjèèjì. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n sún ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n to iṣu sí i, ooru inú ìkòkò sì gùn lọ sí nǹkan bí irinwó lójú wọn, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀rinrin iṣu ń rú jáde. Àgbékẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì, Félicité jókòó sójú kan.

Ìkòkò àkọ́kọ́ gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Èkejì gba mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìkẹta gba márùndínláàádọ́rùn-ún.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó sún mọ́ra bí ọmọ ìyá nìyẹn, òótọ́ sì ni wọ́n. Ẹ wò ó bí ó ti yẹ kí ó máa jó. Dípò ijó, ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú, ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ṣi nọ́ńbà kọ lọ́jọ́rú." Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí bí òun ṣe ń sun ún. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́rú ti wà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n: ihò tó gba ìka kan, ọ̀ọ́dúnrún. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé e, ní Benin tàbí níbikíbi, yóò sun èédú tó ń dán, yóò da omi gbà á kọjá, yóò sì gbé irin rẹ̀ mu. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dí i lọ́nà jù. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ lórí iyanrìn nítorí ègé iṣu mẹ́rin. Òun tó parọ́ nọ́ńbà mẹ́ta, ó jókòó sórí àpótí, ó ń gba ẹ̀bẹ̀. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Ó pe ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn nọ́ńbà ọjọ́rú, èmi ni mo kọ wọ́n láti inú orí mi. Mi ò sun ìkòkò kankan tó bí wọn." Ó sì sọ ìyókù, iṣu, ìbú ọwọ́, agbọ̀n ẹ̀gẹ́, àti mẹ́ta tuntun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rogatien ní kí ó tún nọ́ńbà mẹ́ta tuntun náà pè fún òun.

"Àwọn mẹ́ta tuntun yìí, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

 Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò ní lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù keje mọ́. Ó ní kí ó sun ogún ìkòkò títí di òpin ọdún, òun yóò rán ẹlòmíràn wá láti jókòó ti iná náà, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yóò tó mọ̀ bóyá ìwé kankan wà. Kò pariwo. Ó kí i pé ó dàbọ̀.

Àgbékẹ́ wà lẹ́bàá ààrò, ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ èdè Faransé tí ó fi ń sọ ọ́.

"Kí ni ọ̀gá rẹ wí?"

"Ó ní kí n tún un ṣe. Títí di òpin ọdún. Mi ò ní gba oyè náà lọ́dún yìí."

Ojú arúgbó náà yí padà. "Nítorí iṣu?"

"Kì í ṣe nítorí iṣu, Màámi. Nítorí irọ́."

"Irọ́ ta ni?"

"Tèmi." Ó wá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́: pé nígbà tí òun ní iṣẹ́ ti jáde ní àná, kò jáde, òun ti kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́.

Àgbékẹ́ kò bínú. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo iná kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe é.

"Ṣùgbọ́n lánàá," ó ní, "mo kúnlẹ̀ fún ọ, o mọ irọ́ tí o pa, o sì ní o ti dárí jì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ni Félicité wí.